Ẹni Karùn-ún Lórí Irin

Bí ẹ bá dé àfonífojì wa ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún tuntun, òkè ni ẹ máa wò. Gbogbo ènìyàn ló ń wòkè lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ó rí ọmọ ọdún mẹ́fà tó dúró sórí ṣónṣó abẹ̀bẹ̀ lójú òfuurufú, ẹ ó rí òmíràn tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ ewé òdòdó, tó ń juwọ́ sí yín. Àlejò á la ẹnu sílẹ̀, eruku á kó sí i lẹ́nu. Á ní, "Ẹ wo irin tí wọ́n fi gbé wọn dúró, alágbẹ̀dẹ yìí mọṣẹ́!" Á tún ní, "Ẹ wo aṣọ, ẹ wo àtíkè ojú wọn!" Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan béèrè rí pé, ta ló so àwọn ọmọ yìí mọ́ irin tí wọn ò fi já bọ́?

Ren Lamei ló so wọ́n.

Obìnrin náà kò ga. Bó bá dúró sẹ́yìn àpò àlìkámà, orí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìka rẹ̀ kúkúrú, ó ki, àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ọ̀já tó ti ń fà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ tó ti so láàárín ìgbà yẹn lé ní igba. Kò sí ọ̀kan tó já bọ́. Kò sí ọ̀kan tó sunkún débi tí wọ́n fi dá ìwọ́de dúró nítorí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ ọ́, kì í fi bò rárá: "Àwọn ìyá yòókù, ọmọ tiwọn ni wọ́n pọ̀n. Èmi, gbogbo àdúgbò ni mo pọ̀n."

Òkè-Ren ni wọ́n ti bí i, níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹ́ Ren. Ìsàlẹ̀-Yang ló lọ́kọ sí, níbi tí gbogbo ilé ti ń jẹ́ Yang. Odò gbígbẹ kan ló là wọ́n láàárín. Ẹ lè dúró ní bèbè kan kí ẹ bú ẹni tó wà ní bèbè kejì, kó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ìyá Lamei ló ń so ọmọ fún Òkè-Ren nígbà ayé tirẹ̀. Nígbà tí Lamei pé ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n gbé Àlùfáà tó lọ gba ìwé mímọ́ ní ìwọ̀-oòrùn ayé sórí irin. Ìtàn yẹn, kò sí ọmọ wa tí kò mọ̀ ọ́n: Àlùfáà oníwà tútù tó fárí kodoro, tí gbogbo iwin ń wá ẹran ara rẹ̀ jẹ, Ọ̀bọ alágbára tó ń fi ọ̀pá jà fún un, Ẹlẹ́dẹ̀ alájẹkì tó ń wá ibi tó máa sùn, Iwin Odò tó ń ru ẹrù tí kì í ráhùn. Lamei ni wọ́n fi ṣe ẹṣin funfun tí Àlùfáà ń gùn. Wọ́n dé orí ẹṣin oníbébà fún un, ó bò ó títí dé àgbọ̀n, wọ́n sì so ó sí ẹ̀ka tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nínú òkùnkùn bébà yẹn ló ti ń gbọ́ bí èrò ṣe ń kà wọ́n: "Àlùfáà, oókan! Ọ̀bọ, eéjì! Ẹlẹ́dẹ̀, ẹẹ́ta! Iwin Odò, ẹẹ́rin! Ó pé!"

Ó retí aárùn-ún. Aárùn-ún kò dé.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹkún ló ń sun. Ìyá rẹ̀ rò pé òtútù ni.

"Màmá, wọn ò kà mí."

Ìyá rẹ̀ ń tú ọ̀já lọ, kò gbójú sókè. "Ẹṣin yẹn, ọmọ ọba dírágónì inú òkun ni. Ta ló gbé Àlùfáà lọ tó tún gbé e bọ̀? Ọ̀bọ ń fò lójú ọ̀run. Ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn lábẹ́ igi. Ẹṣin nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ gbogbo ilẹ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ ò sì sọ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n ka mẹ́rin. Kíkà wọn ò dín ọ kù."

Lamei gbọ́. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà tó fẹ́ Yang Genwang, alágbẹ̀dẹ Ìsàlẹ̀-Yang. Ọkọ ń rọ irin ọdún, ìyá ọkọ ń so ọmọ mọ́ ọn. Ẹ ó rò pé ilé dára fún ọmọ asọmọ. Rárá o. Ìyá ọkọ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ọmọ Ren kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀já wa. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dè é, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u." Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Lamei fi ń se omi, tó ń fọ ọ̀já, tó ń sá a, tó ń ká a, tí kò so ó mọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún kẹwàá, wọ́n ti gbé ọmọ kan sórí irin tán, báńgà ti dún, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun ò mọ ẹsẹ̀ òun mọ́. Ìyá ọkọ ti dàgbà, ó ti fi ìbẹ̀rù fa ọ̀já le jù. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Lamei bọ́ bàtà, ó gun orí tábìlì lójú gbogbo ayé, ó tú ọmọ náà, ó fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tún un so kí ènìyàn tó mu ife tíì kan tán. Ọmọ gòkè padà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ wo ìdè yẹn títí. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé gbogbo ẹrù ọ̀já sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí Lamei ń sùn sí. Kò sọ pé o ṣeun. Ní ìdílé Yang, wọn kì í sọ ọ́.

Bó ṣe di tirẹ̀ nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀. Òkè-Ren àti Ìsàlẹ̀-Yang máa ń pàdé ní oríta abẹ́ òkè lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá borí ló ń kọ́kọ́ gòkè lọ sí tẹ́ńpìlì, òun ló ń tan tùràrí àkọ́kọ́, òun ló sì ń ṣáájú lójú ọ̀nà títí ọdún á fi yí po. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, eruku ni tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá léra léra ni Ìsàlẹ̀-Yang ti jẹ eruku.

Ní ìparí ọdún, wọ́n pe ìpàdé sílé Yang Tiancang, olórí eré wọn, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tí ohùn rẹ̀ dà bí agogo tó sán. Àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń fi eyín la kóró òdòdó oòrùn.

"Ọdún mọ́kànlá!" ni Tiancang wí. "Ìgbà tí mo bá húkọ́, eruku Òkè-Ren ló ń jáde! Lọ́dún yìí, Àlùfáà àti àwọn èèyàn rẹ̀ la máa gbé. Mẹ́rin lórí irin kan."

"Márùn-ún," ni Lamei wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Márùn-ún báwo? Ṣé ìwọ náà máa gùn ún ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lamei dúró kí wọ́n rín in tán.

"Ẹṣin ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹṣin! Ẹ lẹ bébà mọ́ ìdí Àlùfáà, ẹṣin dé nìyẹn."

"Bébà ò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan rí."

"Obìnrin yìí, irin ò lè gbé ọmọ márùn-ún. Á tẹ̀ kọdọrọ bíi núdù." Ó yíjú sí Genwang. "Àbí irọ́ ni mo pa, alágbẹ̀dẹ?"

Genwang yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló ń sọ lọ́sẹ̀ kan. Wọ́n ní Lamei ló ń bá a sọ ìyókù. Ó tu èèpo òdòdó dànù, ó ní, "Irin á gbé e."

"Ọ̀já ńkọ́?"

"Ìyẹn, ẹ bi ìyàwó mi."

Tiancang fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ìyàwó Genwang. Bí ẹṣin rẹ yìí bá dójú tì wá lóríta, wàá gbé ọ̀já kalẹ̀, kò sì sí gbígbé mọ́ láyé. Wọ́n ń ta bẹ́líìtì ní ìlú, èyí tí wọ́n fi ń so àwọn tó ń nu fèrèsé ilé gíga. Bẹ́líìtì ni a ó máa lò."

Ọ̀já yẹn, àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó jẹ́ fún un. Ìdí rẹ̀ ló hewú sí.

"Bí kò bá sì dójú tì yín?"

"Màá fi ẹnu ara mi kà á dé aárùn-ún lójú gbogbo ayé."

"Gbogbo ilé, ẹ gbọ́ o," ni Lamei wí, ó sì lọ sílé lọ gbé ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀.

Genwang rọ irin náà fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ní ẹ̀ka márùn-ún bí igi. Ó so àpò àlìkámà kọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ tún rọ̀ mọ́ ọn bí àdán. Irin mì díẹ̀, kò tẹ̀. Wọ́n wá ọmọ mẹ́rin fún àwọn mẹ́rin yẹn kíákíá, nítorí gbogbo ìyá ló ń fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́ Ọ̀bọ. Kò sí ìyá kankan tó fẹ́ ẹṣin. Lamei mú Mianmian, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tó lẹ́nu bí abẹ.

"Ẹṣin? Èmi ò ṣe ẹṣin o! Ọ̀bọ ni mo fẹ́, Ìyá Àgbà."

"Jókòó, jẹ́ kí n sọ nǹkan fún ọ. Ọ̀bọ, wọ́n á rán ọ̀pá mọ́ ọn lọ́wọ́ kó má baà já bọ́. Ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á rán réèkì mọ́ ọn lọ́wọ́. Iwin Odò, ṣọ́bìrì. Àlùfáà, wọ́n á di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán! Bí imú bá ń yún wọn ńkọ́? Wọ́n á kú síbẹ̀. Ẹṣin nìkan ló ní ọwọ́ òfìfo."

Mianmian rò ó. "Mo lè họ imú lójú gbogbo èèyàn?"

"Bó bá ti wù ọ́ tó."

"Ẹ fún mi ní ẹṣin."

Ohun kan wà tí Lamei ṣe fún ẹṣin tí kò ṣe fún àwọn yòókù. Àwọn mẹ́rin yẹn, ó so wọ́n ṣinṣin láti itan dé igbá àyà. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí kì í mi orí, àga ni, kì í ṣe ẹṣin. Nítorí náà, ó fi ìdè ìyá rẹ̀ so Mianmian ní ìbàdí: ìdè kan tó ń gbà bí ọmọ bá tẹ̀ síwájú, tó sì ń di ara rẹ̀ mú bó bá tẹ̀ jù. Nínú àgbàlá, lẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta bo ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń tẹ̀, ó ń nà, títí Lamei fi lè dijú kó sì fi etí gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí oníbébà kò sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó rán fìlà funfun tó ní etí ẹṣin àti gọ̀gọ̀, ojú ọmọ wà níta gbangba.

Gbogbo Ìsàlẹ̀-Yang di ẹnu. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ mọ ohun tí wọ́n máa gbé jáde, nítorí bí Òkè-Ren bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á wá ohun tó borí rẹ̀. Tiancang kìlọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Àwọn ọmọdé gan-an di ẹnu.

Lamei ló sọ ọ́.

Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló fi sọ ọ́. Ọjọ́ kejì ọdún ni ìyàwó ilé ń padà lọ kí ilé bàbá rẹ̀, kì í sì í lọ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ooru omi sè ló ń gbé lọ, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n bí òdòdó, bí ẹja, wọ́n á fi àwọ̀ pupa tọ́ ọ lójú. Lamei ń po ìyẹ̀fun, ọkàn rẹ̀ wà lórí irin. Ọwọ́ tí ọkàn kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tó wù ú ló ń ṣe. Nígbà tó ṣí ìkòkò, búrẹ́dì ti jinná, ó funfun, ó wú, ó lẹ́wà. Ó tò wọ́n sínú agbọ̀n, ó fi aṣọ pupa bò wọ́n, ó sì ré odò gbígbẹ kọjá.

Fengxian, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ló gba agbọ̀n. Ó ṣí aṣọ.

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ yín ò ní rọ láéláé! Ẹ wo ọ̀bọ! Ẹ wo ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀! Ẹṣin nìyí. Èyí tó pá lórí yìí ńkọ́, ta ni?"

"Bàbá arúgbó kan ni," ni Lamei wí. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, kò tiẹ̀ wò ó.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bàbá arúgbó. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bu núdù fún yín."

Fengxian ò jẹ ìkankan nínú búrẹ́dì yẹn. Ó ní wọ́n ti lẹ́wà jù. Ó yẹ kí Lamei fura níbẹ̀, nítorí Fengxian tí gbogbo wa mọ̀ kì í fi búrẹ́dì sílẹ̀ kó tutù. Lamei jẹ núdù, ó mu omi rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín dé ilé.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé. Láti ìdájí ni wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ẹyin sísè àti búrẹ́dì gbígbẹ, kò sí omi, kò sí ẹ̀kọ jéró.

"Ìyá Àgbà, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Ẹṣin kì í mu omi kó tó dé òkè. Mí wọlé. Ó fún?"

"Kò fún."

"Mí síta. Ó dẹ̀?"

"Kò dẹ̀. Ebi ń pa mí."

"Ebi dára. Ọmọ tó bá yó a máa tòògbé."

Òwú ló kọ́kọ́ wé mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ọ̀já rírọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀já líle, lẹ́yìn náà aṣọ funfun tó bo gbogbo rẹ̀ àti irin. Nígbà tí wọ́n gbé irin dúró sórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ariwo àdúgbò kọ́kọ́ dákẹ́. Ọmọ márùn-ún ń léfòó lójú òfuurufú: Ọ̀bọ wà lókè pátápátá, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìkùukùu, Ẹlẹ́dẹ̀ wà lápá òsì, Iwin Odò lápá ọ̀tún, Àlùfáà jókòó láàárín, ẹṣin funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń mi orí. Ìgbà yẹn ni ìlù ńlá bú.

Lamei ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó gbé igi gígùn tó pín sí méjì lórí, èyí tí wọ́n fi ń na nǹkan sí àwọn ọmọ lókè. Genwang fi ọwọ́ lé ìdí irin. Tiancang ń lọ níwájú, ó gbá àkùkọ pupa tí wọ́n máa fi rúbọ ní tẹ́ńpìlì mọ́ abíyá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà tí ènìyàn bá ń yangàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ dé oríta, Lamei kò mọ̀ pé òun rìn.

Òkè-Ren ti wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo irin tiwọn.

Àkekèé ni. Ọmọbìnrin kan tó wọ dúdú, ètè rẹ̀ pupa, ìrù aṣọ àti wáyà tẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan wà ní ẹnu oró. Ọkùnrin kan ń fa okùn nísàlẹ̀, ìrù sì ń nà sí Ọ̀bọ Ìsàlẹ̀-Yang: ṣàà! ṣàà! Gbogbo èrò kígbe. Ta ni kò mọ̀ pé iwin àkekèé ni ọ̀pá Ọ̀bọ kò ràn? Ó ta á lórí, Ọ̀bọ di orí mú, ó sá lọ.

Wọ́n ri igi tùràrí kan mọ́lẹ̀, wọ́n tan iná sí i. Bí Ìsàlẹ̀-Yang kò bá rí èsì fọ̀ kó tó jó tán, wọ́n á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òfin oríta nìyẹn.

"Ọ̀bọ Ìsàlẹ̀!" Fengxian ló ń kígbe, ó dúró níwájú gbogbo àwọn obìnrin Òkè-Ren. "Wá gba oró o! Oògùn orí fífọ́ wà lọ́jà!"

"Ẹ bá wa fún Ẹlẹ́dẹ̀ ní ibi tó máa sá sí!" ni òmíràn wí.

Ojú Tiancang pọ́n. "Ta ló sọ fún wọn? Ta ló la ẹnu rẹ̀ tó burú yìí?"

Fengxian ti fi ọwọ́ bọ inú apá ẹ̀wù rẹ̀. Ó yọ nǹkan kan jáde, ó gbé e sókè kí Lamei lè rí i. Búrẹ́dì ẹṣin ni. Ó ti le bí òkúta, àmì pupa ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Lójú ọkàn, Lamei rí agbọ̀n, ó rí aṣọ pupa, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun. Ó lè dákẹ́ o. Kò sí ẹni tó mọ̀ yàtọ̀ sí Fengxian.

"Èmi ni, Bàbá," ló wí. "Búrẹ́dì tí mo gbé lọ ilé bàbá mi ló sọ ọ́. Mo mọ gbogbo wọn sínú rẹ̀."

"Búrẹ́dì?" Tiancang wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Búrẹ́dì!" Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí sì burú ju igbe lọ. "Lọ́la, mò ń lọ sí ìlú. Mò ń lọ ra bẹ́líìtì."

Tùràrí ti jó dé ìdajì.

Abíyá Tiancang ni Lamei ń wò. Àkùkọ pupa náà yọ orí jáde níbẹ̀, ó ń fi ojú kan wo ìrù àkekèé tó ń mì lókè. Ẹ̀yin náà mọ bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nígbà òjò ìrúwé kí kòkòrò má wọlé: àkùkọ tó fi ẹnu gbá àkekèé mú. Kò sí ilé kan ní àfonífojì yìí tí kò lẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ gbé àkùkọ yẹn wá."

"Ti tẹ́ńpìlì ni!"

"Òrìṣà á rí i dáadáa bó bá wà lókè."

Ó yé Tiancang. Ó wo Ọ̀bọ: ọ̀pá, wọ́n ti rán an mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo Ẹlẹ́dẹ̀, ó wo Iwin Odò, ó wo Àlùfáà. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹṣin, tí ẹnì kan kò tíì kà.

Genwang sún mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Bí ọmọ bá tẹ̀ jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo á yí."

"Ṣé irin rẹ ni o kò fọkàn tán, àbí ọ̀já mi?"

Genwang pe ọkùnrin mẹ́fà, ó ní kí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì fi èjìká ti ìdí irin.

Lamei fi agbọ̀n kan kọ́ orí igi gígùn rẹ̀, ó ki àkùkọ sínú rẹ̀, ó gbé e sókè.

"Mianmian! Yọ ọwọ́ jáde!"

"Ṣé kí n họ imú ni?" Ohùn ọmọ náà dún ketekete lójú òfuurufú, èrò àdúgbò méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí imú ṣì wà ná! Gbá àkùkọ mú ní ìyẹ́ méjèèjì bí o ṣe ń mú adìẹ nílé. Ó dáa. Wàyí o, tẹríba fún ẹ̀gbọ́n rẹ àkekèé yẹn. Tẹ̀ dáadáa. Ìyá Àgbà dì ọ́ mú."

Ọmọ náà tẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe ń tẹ̀ nínú àgbàlá. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún yà sí ọ̀tún, gbogbo ìbàdí rẹ̀ jáde kúrò lórí ẹ̀ka, àkùkọ ńlá wà níwájú rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Irin ké. Àwọn obìnrin dijú. Lamei kò dijú. Ó gbọ́ aṣọ: ọ̀já líle fà, ọ̀já rírọ̀ fà, ìdè ìyá rẹ̀ gbà, ó gbà, ó sì di ara rẹ̀ mú gbági. Ó dúró.

Àkùkọ tí wọ́n ti há mọ́ abíyá láti ìdájí ti bínú tó. Ó na ìyẹ́, ó na ọrùn, ó kọ kòkòrò-kòò lójú gbogbo ayé, bí ìrù àkekèé sì ṣe nà wálẹ̀ sí i, ó ṣá ìlẹ̀kẹ̀ pupa yẹn lẹ́nu oró. Ọkùnrin tó ń fa okùn já okùn sílẹ̀. Ìrù wó lulẹ̀. Ọmọ tó ṣe àkekèé bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé débi tí gbogbo irin tiwọn fi ń mì.

Ariwo tó bú lóríta lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn òkè kejì gbọ́ ọ. Tùràrí ṣì kù bí ìka kan. Àwọn àgbààgbà Òkè-Ren gan-an ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ti ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fúnra wọn. Fengxian dúró pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó wò ó, ó fi ìbínú ki eyín bọ̀ ọ́, eyín rẹ̀ kò sì wọlé.

Tiancang gun orí òkúta oríta. Ó fi ìka nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àlùfáà, oókan! Ọ̀bọ, eéjì! Ẹlẹ́dẹ̀, ẹẹ́ta! Iwin Odò, ẹẹ́rin!" Ó mí. Ó wo Lamei. "Ẹṣin, aárùn-ún!"

"Aárùn-ún!" ni gbogbo èrò gbè é, ti òkè ti ìsàlẹ̀.

Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Lamei fi dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ ó rò pé ó sunkún. Ó gbé orí sókè bí ayaba, ó ní, "Mianmian, na ẹ̀yìn rẹ! Wọ́n ń wò ọ́!"

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gòkè, àwọn ni wọ́n tan tùràrí àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì, Lamei tú ẹṣin kẹ́yìn. Ọ̀já kò yẹ̀ níbì kankan. Àmì pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà ní ìbàdí ọmọ náà, kò ju àpá tí okùn ṣòkòtò máa ń fi sílẹ̀ lọ. Lamei fẹ́ gbá a mọ́ra.

"Ìyá Àgbà, ìtọ̀!" ni Mianmian wí, ó sì sá lọ sẹ́yìn ògiri.

Tiancang wá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú etí ọ̀já kan nílẹ̀, Lamei mú etí kejì, wọ́n ń ká a pọ̀. Nínú ìdílé Yang, n kò rí ọkùnrin tó ṣe irú rẹ̀ rí. Kò sọ pé o ṣeun.

"Bẹ́líìtì yẹn," ló wí níkẹyìn, "mo gbọ́ pé ó ti wọ́n jù ní ìlú."

"Wọ́n ní kò tiẹ̀ dára," ni Lamei wí.

Àkùkọ náà, kò sí ẹni tó láyà láti pa á. Àgbàlá Lamei ló wà títí dòní, ó ń lé àwọn àlejò, ó ń rìn bí ẹni tó ní ilẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, tí ọjọ́ kejì pé, Lamei tún ré odò gbígbẹ kọjá pẹ̀lú agbọ̀n àti aṣọ pupa. Fengxian gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá, ó ṣí i. Búrẹ́dì róbótó lásán ni gbogbo rẹ̀, kò sí etí, kò sí ìrù.

"Róbótó," ni Fengxian wí. Ó gbé ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Òṣùpá ni, ẹ̀gbọ́n mi? Àbí oòrùn?"

Lamei ń mu tíì rẹ̀.

Fengxian là á sí méjì, ó wo inú rẹ̀. Ó la èkejì. Nígbà tí àbúrò Lamei fi wọlé wá jẹun, kò sí odidi búrẹ́dì kan nínú agbọ̀n mọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ṣì ń wá ohun tó wà níbẹ̀.